Bí Ìlú Ṣe Fi Ìkíni Du Òkété Alágbọ́n

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àwọn tó wà lẹ́yìn kò dáhùn dáadáa. Ẹni tí oorun ń kùn, kó lọ bọ́jú. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó dára. Àlọ́ mi gbéra láti ẹnu ọ̀nà oko, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Inú ihò ló já sí. Ihò Òkété, ọkọ Àwẹ̀ró.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí gbogbo ẹranko ń gbé ìlú kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pe ìpàdé, tí wọ́n sì ń pẹ́ dé ìpàdé bí ènìyàn, ohun kan wà tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ sí. Kì í ṣe ọdẹ. Kì í ṣe iná ọ̀gbẹlẹ̀. Akèrègbè ni. Akèrègbè méjì péré. Ọ̀kan wà lábẹ́ ibùsùn Erin, ọ̀kan wà lábẹ́ ibùsùn Ẹfọ̀n. Agbọ́n ló kún inú wọn bámúbámú, agbọ́n tí wọ́n ti há mọ́ fún ọdún púpọ̀, tí inú sì ń bí.

Láyé àtijọ́, Erin ṣí tirẹ̀ sí abúlé àwọn Ẹdun lórí ọ̀ràn ààlà ilẹ̀. Ṣíṣí rẹ̀ kò gba àkókò tí ènìyàn fi ń sín. Abúlé náà kò sí mọ́ títí di òní. Agbọ́n náà kò sì mọ ààlà tí wọ́n torí ẹ̀ jà. Nígbà tó parí iṣẹ́ lọ́hùn-ún, ó yà sílé ẹni tó rán an, ó sì ta Erin nímú. Imú tí ẹ̀ ń wò yẹn, ṣé ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe gùn tẹ́lẹ̀ ni? Wíwú ló wú. Kò tíì lọ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti búra ní ìdí ìrókò. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin agbọ́n mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sin oyin, kó sin oyin, nítorí afárá oyin ń wúlò. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá ní àwọn fẹ́ wo ibi tó ń sìn ín sí, kó ṣílẹ̀kùn. Erin àti Ẹfọ̀n náà ṣèlérí pé àwọn yóò máa dín tàwọn kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣì ń dín in kù.

Òkété wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbúra. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Òkété kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà kórìíra rẹ̀ kí àlọ́ tó dé ibi tó dùn. Ó fẹ́ràn Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. Ó sì fẹ́ràn ẹyìn ọ̀pẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dọ́rọ̀ ni pé ẹyìn tó wà nílé ẹlòmíràn ló máa ń dùn ún jù.

Ti Àwẹ̀ró ńkọ́? Gbogbo òkété ló ń bímọ bí ẹni ń já ewé. Àwẹ̀ró kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ń bá wọn sọ orúkọ ọmọ wọn, tó ń jó, tó ń fi omi, iyọ̀ àti oyin kan ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Ní ọdún keje, oyún dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí yóò wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tirẹ̀. Bó bá ń gún iyán, ó ń kà wọ́n. Bó bá dùbúlẹ̀, ó ń kà wọ́n.

Ẹ mọ̀ pé àpò ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété. Ohun tí ẹlòmíràn ń fi apẹ̀rẹ̀ rù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń kó o. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wú. Àwẹ̀ró rò pé ẹyìn ni.

Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ tu ú síbí kí n sè é."

Òkété mi orí. Ó kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú akèrègbè. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ń dán.

"Kí lẹ gbé síbẹ̀?"

"Oyin."

"Oyin wo ló ń kùn bí ẹni ń bú ìyá ẹni?"

"Oyin ni mo pè é."

"Olówó orí mi, ẹ wo ojú mi."

Òkété wo ògiri. Ó ní, "Ó dáa. Ìyá agbọ́n ni. Yóò yé, yóò pamọ, akèrègbè yóò kún. Fún ààbò ilé wa ni."

"Ta ló ń lé wa?"

"Kò tíì sẹ́ni tó ń lé wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè bẹ̀rẹ̀."

Àwẹ̀ró jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ẹ ti búra."

"Erin náà búra. Ṣé agbọ́n rẹ̀ ti tán? Bí Erin bá ń lọ lọ́nà, wọ́n á yà fún un. Bí èmi bá ń lọ, wọ́n á ní, 'Ẹ rọra, nǹkan kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.' Àwẹ̀ró, jẹ́ kí akèrègbè yìí kún ná. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ilé kọ̀ọ̀kan yóò ru apẹ̀rẹ̀ ẹyìn kan wá síbí. Ilé tí kò bá rù wá, n kò ní bá wọn jà. N óò kàn mi akèrègbè ni."

Bí ó ti ń sọ ọ́ ló ti ń fi akèrègbè òfìfo mìíràn kọ́ bí òun yóò ṣe máa mì ín. Ó tilẹ̀ ní orin rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ óò gbè é:

Ẹ rù ú wá, ẹ sọ̀ ọ́ o —
Jángbálá!
Ẹyìn pupa, ẹyìn dúdú —
Jángbálá!
Bí ẹ kò bá rù ú wá —
Jángbálá!
N óò mi akèrègbè —
Jángbálá jángbálá!

Ó tó. Ẹ má gbè é kọjá bẹ́ẹ̀, kò tíì rí ẹyìn kankan gbà.

Àṣírí náà kò pẹ́ tú. Ọ̀yà tó ń gbé ní ìtòsí ló kọ́kọ́ fura. Iṣẹ́ Ọ̀yà kò ju kó jókòó sínú koríko, kó máa jẹun, kó máa wo ilé onílé. Ó rí i pé ohun tí Òkété ń pè ní oyin ń jáde láàárọ̀, ó sì ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n oyin tó bá ti òdòdó bọ̀, lẹ́búlẹ́bú ofeefee ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èyí ń gbé kòkòrò bọ̀, ìdin tútù, ó ń wọ́ ọ bí alápatà.

Wọ́n pe ìpàdé sí ìdí ìrókò. Òkété lọ, Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ikùn rẹ̀.

Erin, ọba ìlú, ní, "Òkété, wọ́n ní o ń sin agbọ́n."

"Kábíyèsí, oyin ni. Ìyàwó mi lóyún. Ẹ mọ̀ pé a kì í sọmọ lórúkọ láìsí oyin."

Ọ̀yà ní, "Oyin tí ń jẹ ẹran?"

"Irú tiwa nìyẹn."

"Jẹ́ ká wá wò ó."

"Ẹ kò lè wò ó. Ojú ń tì í."

Ẹfọ̀n dìde. Ẹfọ̀n kì í pẹ́ ronú. Tó bá ti dìde, ó ti parí ìrònú nìyẹn. Ó ní, "Kí la ń wí? Ẹ jẹ́ kí n lọ tẹ ihò náà pa lẹ́ẹ̀kan, ká lọ jẹun."

Àwẹ̀ró wo pátákò Ẹfọ̀n. Ó wo ikùn ara rẹ̀. Ohùn kékeré kan wá láti ìsàlẹ̀ gbòǹgbò.

"Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa, níbo ni agbọ́n yóò gbà lọ?"

Bàbá Ìgbín ni. Òun ni ìlú máa ń rán bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Kò léyín, kò léèékánná, kò níwo tó le. Ìwo tó ní, bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án, ó ti wọlé. Ohun mìíràn sì ni pé ìbínú tó bá gun ẹ̀yìn Ìgbín lọ sílé ẹni tí a rán an sí, yóò ti tutù nínini kó tó débẹ̀.

Ìgbín ní, "Àwẹ̀ró wà nínú ihò yẹn, òun pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ fi ìkíni dù ú."

Ẹfọ̀n ní, "Kí ni?"

"Ẹ má kí i. Bó bá kí yín, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má fún un níná, ẹ má bá a ṣe àáró lóko, ẹ má jẹ́ kó dé ibi tí a ti ń lá iyọ̀. Odò nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀, a kì í fi omi du aboyún. Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá sì pé, kí agbẹ̀bí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọjọ́ tó bá ṣílẹ̀kùn, tí mo wo ilé rẹ̀ tí n kò rí agbọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni kí gbogbo rẹ̀ padà. Ìlẹ̀kùn tí a tì tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ògiri ni."

Òkété bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìgbín, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Erin ní tirẹ̀. Ẹfọ̀n ní tirẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n fẹ́ dù. Ṣé ó tọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Ìgbín. Erin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ewé ìrókò.

Ìgbín ní, "Kò tọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

"Kò tọ́, ọmọ mi. Mo máa ń sọ fún wọn lọ́dọọdún, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá ń pa ẹni méjì nínú ilé kan, ṣé kí ẹni kẹta náà mu ún yó ni, kí wọ́n lè dọ́gba? Ta ni yóò wá mú wọn délé?"

Òkété ní, "Kíkí? Ṣé kíkí ni mò ń jẹ?" Ó mú ìyàwó rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ariwo ti dínkù ládùúgbò.

Ní ọjọ́ kejì, ó jáde láàárọ̀. "Ọ̀yà, o ò jí ire bí?" Ọ̀yà ń jẹ koríko. "Ọ̀yà, ṣé àlàáfíà ni?" Ọ̀yà yí ìdí sí i, ó ń jẹ koríko lọ. Òkété fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ó ṣubú lulẹ̀ gbì níwájú ogún ẹranko. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń rí. Bí àlejò ṣubú ní ìlú yìí, ṣé wọ́n á jẹ́ kó dé ilẹ̀ tán kí wọ́n tó pariwo "Ẹ pẹ̀lẹ́ o"? Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Òkété dùbúlẹ̀ díẹ̀ sí i, bóyá wọn kò rí i ni. Lẹ́yìn náà ló dìde fúnra rẹ̀.

Iná kú nínú ààrò. Àwẹ̀ró ń jẹ iṣu tútù. Èmọ́, àbúrò Òkété, wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ní òun yóò máa bá wọn jí iyọ̀ gbé wá. Ó gbé ti ọjọ́ kìn-ín-ní wá, ó ní kí wọ́n fún òun ní ibi tí òun yóò máa sùn. Ó gbé ti ọjọ́ kejì wá, ó ní kí wọ́n fún òun ní ibùsùn. Ní ọjọ́ kẹta ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ń pariwo nínú ilé òun. Àwẹ̀ró ló lé e jáde pẹ̀lú ọmọ odó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àwẹ̀ró gbọ́ ohùn ẹni méjì níta. Ó ní, àlejò dé! Ó fa ara rẹ̀ dé ẹnu ihò. Òkété nìkan ló jókòó níbẹ̀.

"Òkété, o kú iṣẹ́ o," Òkété ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Oo, ẹ ṣé, bàbá," Òkété náà ni ó tún dáhùn.

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ ń le. Yóò gbọ́ pé ẹ bèèrè."

Àwẹ̀ró padà sínú ilé. Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún, ó wá ṣe méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó." Òkété dì mọ́ ọn bí ẹni tí odò ń gbé lọ.

"Ẹ sọ agbọ́n náà nù," Àwẹ̀ró wí.

"Akèrègbè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, Àwẹ̀ró. Ó ku díẹ̀."

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ pé. Ìyá Ọ̀yà, agbẹ̀bí, wọlé láìwí nǹkan kan. Ó gbẹ̀bí láìwí nǹkan kan. Nígbà tí ọmọ ké, ẹnu Ìyá Ọ̀yà ṣí, ó tún pa á dé, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wẹ ọmọ, ó gbé e lé Àwẹ̀ró láyà, ó fi ewé èkuru gbígbóná kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ẹrù, ó sì jáde. Ọmọbìnrin ni. Níta, kò sẹ́ni tó yọ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé akọ ni àbí abo.

Òkété ń jó yí ọmọ ká. "Ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀! Èmi fúnra mi ni n óò sọ ọ́ lórúkọ."

"Ta ni yóò máa pè é?"

"Èmi. Àti ìwọ."

"Orúkọ tí kò dé ẹnu ẹlòmíràn, ṣé orúkọ nìyẹn?" Àwẹ̀ró kò pariwo. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi lọ sí ti gbogbo wọn. Gbogbo àwọn tí mo kà, kò sí ọ̀kan tí yóò wá. Olówó orí mi, n kò bẹ̀ yín rí. Mo bẹ̀ yín báyìí. Ẹ ránṣẹ́ sí Bàbá Ìgbín. Ẹ jẹ́ kó wá wo ilé."

Òkété wo ọmọ. Ó wo yàrá ẹ̀yìn. "Ó dáa. Kó wá."

Àwẹ̀ró jáde sí ọ̀nà, ó kígbe ránṣẹ́. Ilé Ìgbín kò ju ìsọ òkò mẹ́ta lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje ló yọrí sí ẹnu ihò, ó ní òun yára wá ni.

Ẹ̀yin, ṣé ẹ rò pé Òkété ti da agbọ́n nù? Ẹ kò mọ Òkété. Ó ti mọ̀ pé agbọ́n tí kò bá gbóòórùn ìyá rẹ̀ máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí oorun gbé lọ. Ló bá fi ewé dí ẹnu akèrègbè, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Ojú ihò ẹ̀yìn tó wà nínú yàrá náà, tí wọ́n máa ń gbà sá fún ọdẹ, ó fi amọ̀ dí i pa, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ibẹ̀ yọjú. Ìyá agbọ́n ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló kó o sí.

Àwẹ̀ró gbé ọmọ sẹ́sẹ̀. Ó wojú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wú. Ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbín wọ́ kọjá iyàrá iwájú, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó na ojú rẹ̀ méjèèjì wọlé. Ilẹ̀ mọ́. Ohùn kankan kò sí.

"Ó mọ́ tónítóní," ó wí.

"Mm," Òkété dáhùn.

"Ìwọ lo gbá a?"

"Mm."

Bó bá jẹ́ pé Ìgbín yí padà nígbà náà ni, àlọ́ mi ì bá ti parí síbẹ̀, gbogbo yín ì bá sì máa ru ẹyìn lọ fún Òkété lọ́jọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n Ìgbín kì í kúrò nílé onílé láìkí onílé. Wọ́n sì ti ṣí ìlẹ̀kùn fún un. Kò rí agbọ́n. Ọ̀rọ̀ ìlú ni pé kí ìkíni padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgbín kì í fi ọ̀rọ̀ ìlú ṣeré.

Ó fa ara rẹ̀ gùn. Ó ní, "Ẹ kú ilé o."

Ó ti tó oṣù kan tí etí Òkété ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ẹlòmíràn. "Mm," ó wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Mm-mm."

"Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ìtọ́jú ilé."

Òkété di ẹnu rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé kókò nínú òjò. Àwẹ̀ró rí i pé ọ̀rọ̀ ti kún inú ọkọ òun dé ọ̀fun.

Ìgbín wá yí ojú kan sí ọmọ, ó fi èkejì sílẹ̀ lára bàbá ọmọ. Ó fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ sọ ọ́:

"Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ẹ̀yin àgbà, mo bi yín. Bàbá wo ni wọ́n máa kí báyẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, tí yóò dákẹ́? Òkété la ẹnu gbàgà, ó kígbe pé:

"Ewu iná kì í pa àwòdì oooo!"

Ó ṣe é délẹ̀. Kò gé e kúrú. Ìyá agbọ́n sì fi ohun tó ní ta ahọ́n rẹ̀ kó tó fò jáde.

Ó fò yí iyàrá ká, ó ń ké. Nísàlẹ̀ iyẹ̀pẹ̀, akèrègbè gbọ́. Ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Iyẹ̀pẹ̀ dìde. Ewé ya. Òkété sáré síbi ojú ihò ẹ̀yìn láti gba ibẹ̀ kó ìyàwó jáde, ó fi orí sọ amọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dí.

Àwẹ̀ró di ọmọ mọ́yà. Láàárín rẹ̀ àti agbọ́n, ẹnu ọ̀nà yàrá nìkan ló kù, ẹnu ọ̀nà náà kò sì ní ìlẹ̀kùn.

Ìgbín ní, "Òkété, gba abẹ́ mi jáde. Kíá." Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe rí: ó yára. Ó fa orí wọlé, ó fa ara wọlé, ó yí gbì sí ẹnu ọ̀nà náà, ìkarahun rẹ̀ sì há síbẹ̀ ṣinṣin bí ìdérí ìkòkò. Agbọ́n ń sọ lù ú láti ẹ̀yìn bí yìnyín.

Àwẹ̀ró gbé ọmọ sáré síta. "Ẹ gbà wá o! Ará ilé, ẹ gbà wá o!"

Gbogbo ẹranko dúró. Wọ́n wo ara wọn. Òfin wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì gbọ́ pé ó ti tú. Ọ̀yà ló kọ́kọ́ ju koríko sílẹ̀.

"A ní ká má kí wọn," ó wí. "Ta ló ní ká má gbà wọ́n?"

Ni wọ́n bá ya wá. Ẹni tó kó ewé tútù, ẹni tó gbé iná. Wọ́n ṣèéfín sẹ́nu ihò. Erin ki imú rẹ̀ gígùn bọ inú ihò, ó ń fẹ́ èéfín náà wọlé. Ẹfọ̀n dúró, kò mọ ohun tí òun yóò ṣe níwọ̀n ìgbà tí kò sí nǹkan láti tẹ̀. Wọ́n ní kó gba ọmọ dání, ó sì gbà á, ó dúró gbagidi, kò mí. Wọ́n fín èéfín títí ilẹ̀ fi pa rọ́rọ́.

Wọ́n yọ Ìgbín jáde pẹ̀lú igi. Ìkarahun rẹ̀ ti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n dúró. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ojú kan yọ, èkejì yọ.

"Níbo ni mo bá a dé?" ó bèèrè. "Ẹ̀n. Ẹ kú ewu ọmọ. Mo ti sọ ìyẹn. Ìyá ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

Òkété wọ́ dé ìdí Ìgbín. Ahọ́n rẹ̀ ti wú kún ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì dọ́gba. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹfọ̀n ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìyà kún un." Ìgbín ní, "Níbo ni ẹ óò fi í sí? Ẹnu rẹ̀ ti kún." Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n wú akèrègbè náà, kí wọ́n fọ́ ọ níwájú gbogbo ayé, kí wọ́n ṣí ojú ihò ẹ̀yìn, kí òun sì máa yọjú ní gbogbo oṣù tuntun. Wọ́n ní oṣooṣù ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń rìn bíi tiẹ̀. Ó ní kò burú, òun yóò máa wà lójú ọ̀nà nígbà gbogbo.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́. Àwẹ̀ró jáde sẹ́nu ihò, kò kọ́kọ́ gbójú sókè. Ó ń bẹ̀rù kó má lọ jẹ́ pé àlá ni. Nígbà tó gbójú sókè, ọ̀nà kún. Ọ̀yà gbé omi tútù. Ìyá Ọ̀yà gbé iyọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó fẹ́ san gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbé mì lọ́jọ́ ìgbẹ̀bí. Erin gbé oyin gidi, afárá odindi, ó ń kán tótó lórí ewé.

Bàbá ló yẹ kó kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ. Wọ́n gbé ọmọ lé Òkété lọ́wọ́.

"Mmm," Òkété wí.

Ìgbín ní, "Orúkọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fi kún un."

Àwẹ̀ró fi ìka kan oyin, ó tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu. Ó tún fi ìka kan náà kan ọkọ rẹ̀ létè, níbi tó wú jù. "Ẹ lá a," ó rọra wí. "Oyin nìyẹn. Kí ẹ lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn." Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ sókè. "Ìrẹ́pọ̀dùn lorúkọ rẹ̀."

"Ìrẹ́pọ̀dùn!" Erin pè é, ewé já lára igi. Ẹfọ̀n fẹ́ pè é jẹ́jẹ́, ọmọ jí, ó sunkún, gbogbo wọn bú Ẹfọ̀n. Ọ̀yà pè é. Ìyá Ọ̀yà pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Èmọ́ náà pè é láti òkèèrè, ó ń wo ọmọ odó.

Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ń tú ká. Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀ nínú ilé. Ó ń gbọ́ wọn lójú ọ̀nà. Ẹnìkan bi ẹnìkan pé, "Ọmọ ta lẹ ti ń bọ̀?" Èkejì ní, "Ìrẹ́pọ̀dùn, ọmọ Àwẹ̀ró." Lókè odò, àwọn tó ń pọnmi ń fi orúkọ náà kọrin. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohùn àwọn tó ń pè é. Kò kà á tán tí oorun fi gbé e lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tó bá ń sin agbọ́n de aládùúgbò, yàrá ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa kùn. Ó sì kọ́ ẹ̀yin àgbà pé bí ẹ bá fẹ́ gba ohun burúkú lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ẹ mú un le. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti padà wálé, kí ẹ sì rán ẹni tó mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn. Ti Erin àti Ẹfọ̀n, àlọ́ ọjọ́ kan kò tó o.

Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Ó dàárọ̀ o.

Mo ní ó dàárọ̀ o! Ẹ má fi dù mí.